Dọ́là tí CBN kò san: Ọ̀nà wo ni òfin là sílẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége?

Láti ọ̀nà Ọba Akran dé Agídíngbì, títí wọ Ọgbà àti Agége, ilé iṣẹ́ tó ń ra èròjà lókè òkun kò lè rìn láìsí dọ́là. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bílíọ̀nù 2.4 dọ́là tí báńkì àpapọ̀, CBN, kọ̀ láti san fi kàn wá. Àlàyé rẹ̀ rèé.

Báwo lowó náà ṣe há?

Oṣù Kẹfà ọdún 2016 ni CBN bẹ̀rẹ̀ àdéhùn tí àwọn oníbáńkì ń pè ní forward. Ilé iṣẹ́ á kọ Fọ́ọ̀mù M ní báńkì rẹ̀, báńkì á bá a béèrè dọ́là lọ́wọ́ CBN, wọ́n á fẹnu kò lórí iye rẹ̀, CBN á sì ṣèlérí àti kó o wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Nígbà tó yá, dọ́là ò wá lásìkò mọ́.

Lóṣù Kẹfà 2023, CBN tú náírà sílẹ̀ lọ́jà. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦460 kọjá ₦1,500 nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó ra èròjà $100,000 rò pé mílíọ̀nù 46 náírà lòun máa san, iye yẹn ló sì fi ta ọjà rẹ̀ tán. Bí dọ́là CBN ò bá wá, mílíọ̀nù 150 ló máa fi san gbèsè kan náà. Àpò tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ti ń jáde ni ìyókù ti máa jáde.

Kí ni CBN wí?

Lóṣù Kejì 2024, gómìnà CBN, Olayemi Cardoso, ní iléeṣẹ́ Deloitte bá àwọn yẹ gbèsè bíi bílíọ̀nù 7 dọ́là wò, bílíọ̀nù 2.4 nínú rẹ̀ ò sì yege. Ó ní ìwé àwọn kan ò pé, àwọn kan gbà ju ohun tí wọ́n béèrè lọ. Lóṣù Kẹta, CBN kéde pé òun ti san gbogbo èyí tó yege. Ẹgbẹ́ àwọn olùpèsè ọjà, MAN, tí olú ilé wọn wà n'Íkẹjà, kò fara mọ́ ọn.

Ṣé kóòtù lè gbà á?

Ìṣòro kìíní ni pé báńkì wà láàárín ilé iṣẹ́ àti CBN. Báńkì yẹn náà ló ń yá wọn lówó, àwọn àgbà sì ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Síbẹ̀, ẹ rántí MTN. Lóṣù Kẹjọ 2018, CBN ní kí wọ́n dá bílíọ̀nù 8.1 dọ́là padà. MTN gba ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó lọ. Nígbà tí CBN tún ìwé wọn yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ parí níta kóòtù lóṣù Kejìlá, nǹkan bíi mílíọ̀nù 53 dọ́là ni MTN san.

Ìṣòro kejì ni gbígba owó lẹ́yìn ìdájọ́. Abala 84 òfin Sheriffs and Civil Process ní kí èèyàn kọ́kọ́ gba àṣẹ agbẹjọ́rò àgbà kó tó fọwọ́ kan owó tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ CBN àti Interstella Communications, lóṣù Kejìlá 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní kò pọn dandan bó bá jẹ́ pé agbẹjọ́rò àgbà fúnra rẹ̀ ni ìdájọ́ dá lẹ́bi.

Kí ló yẹ kí ilé iṣẹ́ ṣe?

Ìwé ni CBN fi já àwọn kan, ìwé náà ló ran MTN lọ́wọ́. Ẹ kó Fọ́ọ̀mù M, ìwé àdéhùn báńkì, ẹ̀rí náírà tí wọ́n yọ àti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù síbì kan. Ẹ má sì fi falẹ̀: ọdún 6 ni òfin ìpínlẹ̀ Èkó fún ẹjọ́ lórí àdéhùn, látọjọ́ tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́. Àdéhùn tó yẹ kó délẹ̀ ní 2021, ní 2027 ni ilẹ̀kùn rẹ̀ máa tì. Ẹ tètè rí lọ́yà yín.