Ìtàn Zheng Zhengqiu, Olùdarí Sinimá ní Ilẹ̀ Ṣáínà

Ní ọdún 1889 ni a bí Zheng Zhengqiu ní ìlú Shanghai. Òwò ọ́píọ́mù, oògùn olóró tí ó ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ ní Ṣáínà, ni ìdílé rẹ̀ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọkàn ọmọ náà kò sí ní ọjà. Ilé eré ni ó máa ń lọ, a sì máa kọ ìyìn tàbí ìbáwí àwọn òṣèré sínú ìwé ìròyìn.

Ní 1913, òun àti Zhang Shichuan ṣe sinimá kan nípa ọkùnrin àti obìnrin tí wọn kò mọ ara wọn rí, tí a sì fi dandan so wọ́n pọ̀ ní ìgbéyàwó. Ọkùnrin ni ó wọ aṣọ ìyàwó nínú rẹ̀.

Ní 1922, àwọn méjèèjì pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn dá ilé-iṣẹ́ Mingxing sílẹ̀. Níbẹ̀ ni èrò wọn ti yàtọ̀. Zhang ń fẹ́ ohun tí yóò pa ènìyàn lẹ́rìn-ín kí owó lè wọlé. Zheng ń fẹ́ ohun tí yóò kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Eré ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Nínú ọ̀kan, gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí ó ti di eléso ń fẹ́ ọmọ oníṣègùn, ṣùgbọ́n oníṣègùn náà kò rí aláìsàn wò. Kí ni gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe? Ó fi ọgbọ́n tún àtẹ̀gùn ilé àríyá kan ṣe, kí àwọn tí ń sọ̀kalẹ̀ lè máa yọ̀ ṣubú! Zheng fúnra rẹ̀ ni ó ṣe oníṣègùn náà. Ẹ̀rín pọ̀, owó kò pọ̀.

Nígbà náà ni Zheng kọ ìtàn ọmọ òrukàn kan, Zhang sì darí rẹ̀ ní 1923. Opó tí a fi irọ́ lé kúrò nílé ọkọ ni ó bí ọmọ náà; ilé-ẹ̀kọ́ tí bàbá àgbà rẹ̀ dá sílẹ̀ ni ó sì ti kàwé, láìmọ̀ pé ọmọ ilé ni òun. Nígbẹ̀yìn, òun ni ó gba bàbá àgbà náà lọ́wọ́ ikú. Èrò wọ́ lọ wò ó, Mingxing sì yè.

Lójú tiwa, ẹ̀kọ́ Zheng a máa wúwo ju ìtàn rẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ nípa eré rẹ̀ ti 1934, níbi tí tálákà ti di alágbàtọ́ ọmọ nílé olówó, tí kò mọ̀ pé àbúrò òun ni ìyàwó ilé náà. Hu Die nìkan ni ó ṣe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ó ju 60 ọjọ́ lọ tí wọ́n fi hàn án ní Shanghai.

Ní oṣù keje 1935 ni Zheng kú, ní ẹni ọdún 46. Ní 1937, ogun Japan ba ilé-iṣẹ́ Mingxing jẹ́. Eré 1913 ti sọnù, ti ọmọ òrukàn náà sì ti sọnù; ti gbẹ́nàgbẹ́nà, tí kò mú owó wá, ni ó ṣẹ́ kù tí a ṣì ń wò.