Ta Ni Àgbà? Ọ̀rọ̀ Ipò Láàárín Àwa Awo



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ni "àgbà". Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá gbọ́ ọ, iye ọdún tí ẹnì kan ti lò láyé ni wọn yóò máa rò. Nílé Ifá, ọjọ́ tí a tẹ ènìyàn nífá ni à ń kà.

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí wọ́n fà mí lé ọ̀gá mi lọ́wọ́ láti kọ́ Ifá. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún 9 jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó ti di baba ọlọ́mọ kó tó tẹ Ifá. Lọ́jọ́ tó jáde nínú igbódù, wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ojú tì mí. Ọ̀gá mi ní, "Kì í ṣe ìwọ ló ń kí. Ẹnu ọ̀nà tí o bá wọlé ṣáájú rẹ̀ ló ń kí." Nígbà tí a padà dé ilé baba wa, èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ fún un.

Bí agbo ilé Yorùbá ti rí látayébáyé nìyí. Ìyàwó tó wọlé lónìí kì í pe ọmọ tó bá nínú ilé lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. William Bascom, ará Amẹ́ríkà tó ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1937, kọ àpilẹ̀kọ odindi kan lórí ipò àgbà láàárín wa ní 1942. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Kúbà, orúkọ oyè Olúwo àti Ojùgbọ̀nà bá wọn lọ. Lọ́hùn-ún náà, ọjọ́ ìtẹ̀fá ni wọ́n ń kà.

Odù pẹ̀lú ní àgbà. Ojú Odù 16 ṣáájú àmúlù 240. Bí a bá di ìbò, Odù tó jẹ́ àgbà nínú méjèèjì ló ń pinnu ọwọ́ tí a ó mú. Ogbè, Ọ̀yẹ̀kú, Ìwòrì àti Òdí ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n níbi púpọ̀ Ìrosùn ló ṣe ìkarùn-ún, nígbà tí Ọ̀bàrà wà níbẹ̀ ní ìlànà Ifẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá da ìlànà ilé méjì pọ̀ lè gbé ẹbọ fún ẹni tí kò yẹ.

Síbẹ̀, ṣíṣáájú nìkan kọ́ ni àgbà. Táyéwò ló kọ́kọ́ dáyé, Kẹ́hìndé sì ni ẹ̀gbọ́n, nítorí òun ló rán Táyéwò wá tọ́ ayé wò. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ ni iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ dùn mí sí. Lóde òní, àwọn kan ń fi oyè àti ìlẹ̀kẹ̀ jà dupò àgbà, ṣùgbọ́n bí ẹbọ kò bá fín, wọn a ní ọmọ awo ló ṣì í. Lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, bí nǹkan bá bàjẹ́, òun la kọ́kọ́ ń bi. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Kí Ifá má jẹ̀ẹ́ kí a ṣi ipò wa lò. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.