Ìgbì Kúkúrú nínú Ìtàn Ìbánisọ̀rọ̀ Aláìlówáyà

Láàárín ọdún 1894 sí 1897, Jagadish Chandra Bose, olùkọ́ ìmọ̀ físíìsì ní Presidency College ní Calcutta, ilẹ̀ Íńdíà, ń fi ìgbì rédíò ṣe ìwádìí. Ìgbì tirẹ̀ kúrú gan-an. Gígùn èyí tí ó kúrú jù nínú wọn kò ju bíi mìlímítà 5 lọ. Ó fi ìgbì rédíò lu agogo, ó sì fi dáná sí ẹ̀tù láti òkèèrè. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1897, ó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀nà yìí kò rí èrò púpọ̀ nígbà náà. Ohun tí yóò jìnnà ni ìjọba àti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń wá. Ìgbì tí gígùn rẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún mítà ni Guglielmo Marconi lò nígbà tí ó kéde, ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1901, pé òun gbọ́ àmì láti Poldhu ní England dé Newfoundland. Àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí ohun tí ó gbọ́ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òwò ti tẹ̀ lé ìgbì gígùn lọ. Ní ti ìgbì kúkúrú, ògiri ń dá a dúró, ewé igi ń gbé e mì, òjò líle sì ń dín agbára rẹ̀ kù.

Ètò fóònù alágbèéká GSM tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2001 ń lo 900 àti 1800 MHz, tí ìgbì wọn gùn tó sẹ̀ǹtímítà 33 àti 17. Ìgbì bẹ́ẹ̀ ń rìn jìnnà, ṣùgbọ́n àyè ibẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò gba àyè. Fídíò ni ó fún ibẹ̀ pa. Àyè yìí ni àwọn olùwádìí ń wá nígbà tí wọ́n padà sí ìgbì kúkúrú.

Lọ́dún 2013, Theodore Rappaport àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York University gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí 28 GHz láàárín àwọn ilé gogoro New York. Wọ́n rí i pé ìgbì yìí, tí kò gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ, lè ta lára ògiri kan dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò rí òpó áńtẹ́nà, bí kò bá ju nǹkan bíi 200 mítà lọ. Kíkúrú rẹ̀ sì wá di àǹfààní. Áńtẹ́nà rẹ̀ kéré débi pé a lè to ọ̀pọ̀ sórí pátákó kan, kí wọ́n jọ darí agbára wọn sọ́dọ̀ fóònù kan ṣoṣo bí iná tọ́ọ̀ṣì. Ọgbọ́n yìí gan-an ni ó dá ìgbì kúkúrú padà sọ́jà.

Àjọ FCC, tí ń ṣàkóso ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà, ṣí 28 GHz sílẹ̀ fún 5G, ìran karùn-ún fóònù alágbèéká, ní ọdún 2016. Ní oṣù Igbe ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ fóònù Verizon tan án ní Chicago àti Minneapolis. Eré rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ẹni tó bá yà sẹ́yìn ilé lè pàdánù rẹ̀. Nàìjíríà kò yan ìgbì tó kúrú tó bẹ́ẹ̀. 3.5 GHz ni NCC, àjọ tí ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, tà ní gbàǹjo ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2021, tí owó ìpín kọ̀ọ̀kan dé $273.6 mílíọ̀nù, tí ilé-iṣẹ́ MTN àti Mafab sì gbà á. Fún orílẹ̀-èdè tí òpó rẹ̀ kò tíì pọ̀ tó, ìpinnu tó bójú mu ni.

Ní ti 6G, ìran tí yóò tẹ̀ lé 5G, àwọn olùwádìí ti ń dán ohun tó ju 100 GHz wò, tí ìgbì rẹ̀ kò tó mìlímítà 3. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè pàdé ní Dubai ní ìparí ọdún 2023 lábẹ́ ITU, àjọ àgbáyé tí ń ṣètò ìgbì rédíò, 4.4 sí 4.8 GHz, 7.125 sí 8.4 GHz àti 14.8 sí 15.35 GHz ni wọ́n ní kí a yẹ̀ wò fún ìpinnu àpérò ọdún 2027. Ìgbì sẹ̀ǹtímítà ni gbogbo wọn.