Ilé Ọlọ́runṣògo: Ilé Balógun Kúkù ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìrìn díẹ̀ ló wà láàrin Ìjagun, ibùjókòó Yunifásítì Tai Solarin, àti Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú tí Balógun Bello Kúkù kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá rẹ̀ sí. Ọlọ́runṣògo ló sọ ọ́.

Olówò ni Kúkù, jagunjagun sì ni. Nígbà ayé rẹ̀, ọwọ́ Ìjẹ̀bú ni púpọ̀ nínú ọjà Òyìnbó ń gbà dé òkè, ọwọ́ wọn náà sì ni ọ̀pọ̀ epo àti èkùrọ́ ń gbà dé etí ọ̀sà. Wọn kì í jẹ́ kí àjèjì gba ilẹ̀ wọn kọjá bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó wà l'Ékòó, tí ogun fi ṣẹ́ wọn ní Ìmàgbọ́n lóṣù Karùn-ún ọdún 1892.

Lẹ́yìn ogun, ọ̀nà là. Ẹ̀sìn tuntun wọlé, àrà tuntun náà sì wọ inú ilé kíkọ́. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà dé Èkó ti fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé gíga àti ọnà ara ògiri dárà sílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Yorùbá sì tẹ̀ lé wọn. Kúkù wà lára wọn.

Lọ́dún 1902, Kúkù, baálé Ọlọ́runṣògo, di Mùsùlùmí, ọ̀pọ̀ ará Ìjẹ̀bú-Òde sì tẹ̀ lé e. Ẹ̀sìn tuntun yìí kò jẹ́ kó lè máa ṣe ọdún Òdèdá tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ipò rẹ̀ mọ́. Dípò rẹ̀, ó dá Ìta Ọba sílẹ̀, pé kí òun àtàwọn ènìyàn òun máa lọ júbà Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, lẹ́yìn Iléyá. Ìyẹn ló dàgbà di Ojúde Ọba. Kúkù kú ní 1907, àmọ́ títí dòní, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, àwọn ọmọ ìdílé Balógun ṣì ń gun ẹṣin lọ kí ọba, àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ojúgbà, a sì yọ nínú aṣọ ẹgbẹ́.

Kí Ìjẹ̀bú má ṣe sùn lórí irú ilé yìí o. L'Ékòó, ìjọba kéde Ilé Ìlọ́jọ̀, ọ̀kan lára àwọn ilé àrà Àgùdà, ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956. Síbẹ̀, wọ́n wó o palẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Owó ńlá là ń ná sí aṣọ àti ẹṣin Ojúde Ọba lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún àtúnṣe àwọn ilé àtijọ́ wa, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìjagun sì gba ìtàn àwọn ilé náà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà nísinsìnyí.