Eyín Ààrẹ, Rọ́bà Goodyear

Bí owó dọ́là 1 ti Amẹ́ríkà bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ wo ẹnu George Washington dáadáa. Ó pa ètè dé bí ẹni tó bu omi sẹ́nu tí kò fẹ́ kó dà. Àwòrán tí Gilbert Stuart yà lọ́dún 1796 ni wọ́n wò ṣe é, eyín àtọwọ́dá ló sì wà lẹ́nu bàbá náà. Lọ́dún 1798, òun fúnra ẹ̀ kọ lẹ́tà sí dókítà eyín ẹ̀, John Greenwood, pé eyín náà ń ti ètè òun síta.

Ẹyọ eyín kan péré ló kù sí Washington lẹ́nu nígbà tó búra gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ lọ́dún 1789. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé igi ni wọ́n fi gbẹ́ eyín ẹ̀. Irọ́ ni. Eyín erinmi ni Greenwood gbẹ́, ó sì lu ihò sí i kí ẹyọ kan yẹn lè ráyè yọjú. Èyí tó wà ní Mount Vernon, ilé Washington, títí dòní, òjé ni wọ́n fi ṣe ìdí ẹ̀. Eyín èèyàn, ti màlúù àti ti ẹṣin ni wọ́n tò sí i lára. Sípíríǹgì ló so tòkè mọ́ tìsàlẹ̀: ó ń ti ọ̀kan lọ sókè, ó ń ti èkejì lọ sílẹ̀. Tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá dẹ àgbọ̀n báyìí, ẹnu á là. Àfi kó máa fi agbára di ẹnu ara ẹ̀ pa láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Eyín èèyàn wo? Nínú ìwé ìṣirò owó Washington ti ọdún 1784, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó san ṣílè 122 fún àwọn aláwọ̀ dúdú, fún eyín 9. Kò sí orúkọ ẹnì kankan. Ìwé náà ò sì sọ ẹnu tí eyín wọ̀nyẹn wọ̀. Owó wọlé lóòótọ́, àmọ́ ẹrú wo ló máa wo ojú olówó ẹ̀ pé eyín òun kì í ṣe títà? Ní Yúróòpù ńkọ́? Lẹ́yìn ogun Waterloo lọ́dún 1815, ẹnu òkú ọmọ ogun ni wọ́n ti ń fa eyín tí wọ́n ń tà.

Bẹ́ẹ̀ ẹnu fúnra ẹ̀ lè di eyín mú láìsí sípíríǹgì. Ẹ kán omi díẹ̀ sáàárín gíláàsì pẹlẹbẹ méjì, kí ẹ wá gbìyànjú láti fà wọ́n ya. Wọ́n á yọ̀ síwá sẹ́yìn, wọn ò ní ya bọ̀rọ̀. Àjà ẹnu fẹ̀, ó le, kì í mira. Tí nǹkan bá bá a mu rẹ́gí, itọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà láàárín wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Ahọ́n ló gba gbogbo àárín, kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń fà láti ẹ̀gbẹ́. Tí eyín bá sì ti kúrò, egungun tó gbé e ró á bẹ̀rẹ̀ sí í jò, ohun tó bá a mu lónìí á máa mì tó bá yá. Bíbá ẹnu mu rẹ́gí yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà, ọ̀bẹ tó ń gbẹ́ eyín erinmi ò sì lè ṣe é dé ibẹ̀.

Rọ́bà ló ṣe é. Charles Goodyear gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lọ́dún 1844 lórí rọ́bà tí wọ́n po mọ́ imí-ọjọ́ tí wọ́n fi iná sè. Lọ́dún 1851, àbúrò ẹ̀ Nelson gba ti èyí tó le bí egungun. Wọ́n á tẹ ìda mọ́ ẹnu, wọ́n á fi pílásítà ṣe àwòṣe ẹ̀, wọ́n á ki rọ́bà rírọ̀ sí i, wọ́n á sè é títí á fi le. Ní 1846, William Morton, tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá jẹun, fi oògùn ìmúnisùn ether han gbogbo ayé ní Boston, ìbẹ̀rù fífa eyín sì dín kù. Tálákà náà wá lè ra eyín.

Ìgbà yẹn ni àwọn olówó ìwé dé. John Cummings, dókítà eyín ní Boston, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí eyín onírọ́bà lọ́dún 1864, ó sì bọ́ sọ́wọ́ Goodyear Dental Vulcanite Company. Josiah Bacon, akápò wọn, ń ti ìlú dé ìlú pe àwọn dókítà eyín lẹ́jọ́: ẹ san owó ọdọọdún, ẹ tún san ti orí eyín kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mò ń fi sọ́fítíwia jẹun mọ irú wọn. Wọn ò kọ ìlà kóòdù kan rí, ìwé ló wà lápò wọn. Lọ́dún 1877, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá Bacon láre.

Samuel Chalfant ò san. Ó sá kúrò ní Delaware lọ sí St. Louis, ó tún sá dé San Francisco, Bacon ń tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ọdún 1879, Chalfant wọ hòtẹ́ẹ̀lì Baldwin tòun ti ìbọn, ó sì yìn ín pa Bacon. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ọdún 10.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1881, àkókò ìwé ẹ̀tọ́ náà pé. Kọ́ńpìnnì náà ò gbìyànjú láti tún un ṣe.