Eruku Ọdún 1960

Nígbàkígbà tí ọyẹ́ bá dé sí Ìkòròdú, màmá mi àgbà a ní kí a bo ìkòkò omi. Mo rò pé nítorí ìdọ̀tí ni. Nígbà tí mo bi í, ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àwọn àgbà ń bẹ̀rù eruku bọ́ǹbù.

Òótọ́ ni bọ́ǹbù wà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960, Faransé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ wò ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sàhárà, níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Eruku irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ ní ìtànṣán tí ojú kò rí. Bí ìtànṣán náà bá wọ ara, a máa já ohun tó so háídrójìn àti ọ́síjìn pọ̀ nínú omi ara wa. Àfọ́kù omi yìí a sì máa ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́.

Àwọn ènìyàn wa fi ẹ̀hónú hàn, Faransé kò gbọ́. Lẹ́yìn bọ́ǹbù kẹta, ní oṣù Kìíní ọdún 1961, ìjọba Balewa lé aṣojú Faransé kúrò nílùú. Òmìnira wa kò tíì pé oṣù mẹ́rin nígbà náà.

Láti ọjọ́ yẹn, èmi náà ni mo ń bo ìkòkò, a kì í rán mi mọ́.