Yíyan Orí fún Ọ̀kadà: Ìtàn Tí Àwọn Mẹkáníìkì Ìfọ̀, Mowé àti Ìbàfò Kò Kọ Sílẹ̀

Ifá sọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan fún wa: Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n lọ yan orí nílé Àjàlá alámọ̀ kí wọ́n tó wá sáyé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú orí tó dán lójú, wọn kò mọ̀ pé iná kò jó o dénú. Òjò tó pa wọ́n lọ́nà ló bà á jẹ́. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ rí ẹni tó mọ̀ tọ́ ọ sọ́nà, orí tirẹ̀ sì dé ayé láìfọ́.

Ìtàn yìí ló wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ìbàfò. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́kadà kan gbé orí ẹ́ńjìnnì tuntun dé, ó ń dán yinrin. Ó bẹ baba tó ni ṣọ́ọ̀bù pé kí ó bá òun fẹ ihò rẹ̀ sí i, kí ọ̀kadà òun lè máa sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Baba náà yí orí náà sọ́tùn-ún sósì, ó ní: “Àbúrò, ṣé ìdíje eré lo fẹ́ gbé e lọ ni, àbí èrò lo fẹ́ fi gbé?” Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Èrò ni, Bàbá.” “Ó dáa. Fi ihò sílẹ̀ bó ṣe wà.”

Ìbéèrè baba yìí ni kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí. Orí ẹ́ńjìnnì ni ìdérí tó bo sílíńdà lókè. Inú rẹ̀ ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé iná púlọ́ọ̀gì. Nínú ẹ́ńjìnnì four-stroke ti ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, fáàfù méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́ tútù, èkejì ń jẹ́ kí èéfín jáde sí sàlẹ́ńsà. Àwọn ọ̀nà méjì tí fáàfù wọ̀nyí ń ṣọ́ ni àwọn tó ń fi alùpùpù díje nílẹ̀ òkèèrè máa ń há, tí wọ́n ń fẹ̀, tí wọ́n sì ń dán, kí ẹ́ńjìnnì lè mí dáadáa bó bá ń sáré burúkú. Níhìn-ín, ìtàn orí ẹ́ńjìnnì gba ọ̀nà mìíràn.

Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò ṣàdédé di ìlú ọ̀kadà. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1901, gba Ìfọ̀ kọjá. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, gba Ìbàfò àti Mowé. Reluwé àti mọ́tò ń já èrò sí etí ọ̀nà, ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀dà kò dé, ni ilé wọn wà. Bí owó ilé ṣe ń wọ́n sí i l'Ékòó ni àwọn ènìyàn ń kó wá síhà ibẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun Ibrahim Babangida gbé ètò ọrọ̀ ajé tí a mọ̀ sí SAP kalẹ̀ ní 1986, náírà já wálẹ̀, mọ́tò tuntun di ọ̀wọ́n, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Alùpùpù tí tísà àti akọ̀wé ń gùn tẹ́lẹ̀ wá di ohun àtijẹ àtimu. Orúkọ Okada Air, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni àwọn aláwàdà fi sọ ọ́, torí bó ṣe ń fò kọjá nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ.

Iléeṣẹ́ alùpùpù kò kúkú jìnnà sí wọn. Ní 1979 ni Honda dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, tí kò jìnnà sí Ìfọ̀. Ìdílé Super Cub, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Japan ní 1958, ni Honda C50 àti C70 tí ọ̀pọ̀ wa gùn dàgbà ti wá. Láti àárín àwọn ọdún 1960 ni Honda ti gbé káàmù tó ń ṣí fáàfù kúrò nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n gbé e sínú orí gan-an. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ba orí jẹ́ ti ba ọkàn ẹ̀rọ jẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn mẹkáníìkì wa ti kọ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nípa yíyan orí. Gígùn tí písítínì C50 àti ti C70 ń rìn kò yàtọ̀, 41.4 mílímítà ni. Ṣùgbọ́n ẹnu sílíńdà C50 fẹ̀ tó 39 mílímítà, ti C70 sì jẹ́ 47. Orí wọn jọra bí ìbejì lórí àtẹ. Ẹni tó bá fi ti àbúrò dé ẹ̀gbọ́n lórí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní pẹ́ tí yóò fi kọṣẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni alùpùpù two-stroke gbòde, àwọn tí a ń da ọ́ìlì mọ́ epo wọn. Jincheng AX100 láti China, tí a ṣe ní àwòṣe Suzuki, wà lára èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Orí irú ẹ́ńjìnnì yìí kò ní fáàfù rárá. Ìdérí lásán ni, púlọ́ọ̀gì sì wà láàárín rẹ̀. Ara ògiri sílíńdà ni àwọn fèrèsé rẹ̀ wà, písítínì fúnra rẹ̀ ló ń ṣí wọn tó sì ń tì wọ́n. Ìmọ̀ nípa fèrèsé wọ̀nyí ní ìtàn olè jíjà nínú. Ní Ìlà-Oòrùn Jámánì, ẹlẹ́rọ kan tó ń jẹ́ Walter Kaaden ní iléeṣẹ́ MZ ṣe ìwádìí jinlẹ̀ lórí wọn, títí alùpùpù 125cc rẹ̀ fi ní agbára ẹṣin 25 ní 1961. Lọ́dún yẹn kan náà, Ernst Degner tó ń bá wọn díje sá lọ nígbà ìdíje kan ní Sweden, ó sì kó àṣírí náà lọ fún Suzuki. Ní 1962 ó gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé fún wọn lórí alùpùpù 50cc. Ìmọ̀ tí àwọn kan fi ẹ̀mí wewu jí ni àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ní Ìfọ̀ ń tú palẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ńtì. Wọ́n mọ̀ pé bí ẹ̀dú bá dí fèrèsé ìjáde, ọ̀kadà kò ní lè gun òkè mọ́. Wọ́n ń ha ẹ̀dú náà kúrò, wọn kì í fẹ fèrèsé.

Bajaj láti India ló wá gba ọjà lọ́wọ́ two-stroke. Boxer, oní-four-stroke, kì í mu epo púpọ̀, ó sì ń ru ẹrù. Àṣàyàn tún dé: ẹ́ńjìnnì Boxer kékeré jẹ́ 99cc, ti ńlá sì jẹ́ 144.8cc. Orí èkínní kò bá èkejì mu, bí ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà bá tilẹ̀ búra.

Òfin àti owó epo tún yí iṣẹ́ náà padà. Nígbà tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà lójú ọ̀nà 475 ní 2012, tí wọ́n tún mú un le ní 2020 àti 2022, ìpínlẹ̀ Ògùn tó múlé gbè wọ́n ṣì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ máa bá iṣẹ́ náà lọ. Ní òpin oṣù karùn-ún 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ẹ̀dínwó orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ 200 náírà kọjá 480. Látìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló ń wá ọgbọ́n tí epo kò fi ní tètè tán. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi gbà pé bí ihò bá fẹ̀, ìyà á tán.

Ìyà kò ní tán. Ọ̀kadà tó gbé èrò méjì àti àpò gàrí lójú ọ̀nà onígbòròyí kì í sáré. Ẹ̀lẹ̀ ló ń lọ, agbára ìbẹ̀rẹ̀ ló sì nílò. Bí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bá fẹ̀ jù, afẹ́fẹ́ náà á dẹ̀, epo kò ní pò mọ́ ọn dáadáa, ọlọ́kadà yóò sì máa fa ọwọ́ iná kíkankíkan kó tó lè gbéra. Epo tó fẹ́ pamọ́ gan-an ni yóò jó. Bí wọ́n bá sì há ìsàlẹ̀ orí kí agbára lè pọ̀, ooru yóò pọ̀ pẹ̀lú, ẹ́ńjìnnì á máa kan gbàgbà lábẹ́ ẹrù.

Kí wá ni baba Ìbàfò ṣe? Ó gbé orí tuntun náà lé àwo gíláàsì pẹrẹsẹ, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó mì. Ó ní kí ọmọkùnrin náà gbé orí àtijọ́, tó ti dúdú bí ìkòkò, wá. Èyí kò mì. Ó ha ẹ̀dú inú rẹ̀, ó lọ fáàfù rẹ̀ títí wọ́n fi jókòó, ó da epo bẹntiróòlù díẹ̀ sí i, ó dúró wò ó bóyá yóò jò. Kò jò. Ó wá wo gásíkẹ́ẹ̀tì ibi tí kabúrétọ̀ ti so mọ́ orí: etí rẹ̀ yọ sínú ihò, ó ń dínà afẹ́fẹ́. Ó gé e kúrò. Èyí nìkan ni ohun tó fọwọ́ kàn lára ọ̀nà afẹ́fẹ́.

Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, a máa ń kọ nípa ọ̀kadà bí ó bá pa ènìyàn tàbí bí ìjọba bá fòfin dè é. N kò rántí ìgbà tí a béèrè ohun tí mẹkáníìkì mọ̀. Ẹ́ńjìnnì tó bá gan lójijì lójú márosẹ̀, tí tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀, lè jẹ́ nítorí orí tó dán tí kò tẹ́jú. Orí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni ìmọ̀ tó lè dènà irú rẹ̀ wà, bí ó bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìmọ̀ bá a lọ. Àwọn iléèwé ìmọ̀ ẹ̀rọ wa ní ìpínlẹ̀ Ògùn lè rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ jókòó ti irú baba bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀ lédè tó fi ń sọ ọ́.

Ọmọkùnrin yẹn dá orí tuntun padà fún ẹni tó tà á fún un. Orí dúdú ló gbé e lọ sí Mowé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èrò méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀.